Ṣé àwa la ò mọyì àgbà, àbí àwọn àgbà ló ń sú wa?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ọmọ ọdún 27 ni mí, iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe ní Bẹẹrẹ, nítòsí ibi tí àwọn onímáíkírà ti ń pe èrò Mápó. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá àgbàlagbà pàdé, kí n má sì purọ́, wọ́n ń sú mi. Màmá kan á dé, kò ní rántí píìnì rẹ̀. Á kọ́kọ́ tẹ ti àtijọ́, á tẹ tọmọ ẹ̀, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, káàdì á kú, èmi ni wọ́n á sì pè lólè. Bàbá kan wà tó máa ń ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún nígbà mẹ́fà lójú mi, ìlà á gùn dé títì. Tí mo bá ní kí wọ́n ṣe kíá, "àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́." Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbà tí náírà lágbára ju dọ́là lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní àgbà kì í kọ́ nǹkan tuntun, pé ká ṣáà máa kúnlẹ̀ kí wọn, ká sì máa ṣe tiwa lọ. Ṣé èmi ni mo burú ni, àbí àwọn fúnra wọn ló ń fa ojú tá a fi ń wò wọ́n?

* * *

Èmi ò ní bú ọ, àbúrò mi. Ọmọ ọdún 53 ni mí. Rédíò ni mo kọ́ níṣẹ́, fóònù ni mo fi ń jẹun báyìí, Dùgbẹ̀ ni ìsọ̀ mi wà. Àárín méjì ni mo há sí: àwọn bàbá tó ń gbé asọ̀rọ̀mágbèsì wá fún mi ń pè mí ní "ọmọ yìí", àwọn ọmọọṣẹ́ mi sì ń pè mí ní Bàbá Àtijọ́ tí wọ́n bá rò pé n ò gbọ́.

Pé ó sú ọ kò bí mi nínú. Ẹni tó bá ń kanra mọ́ bàbá ṣì ń bá bàbá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló dùn mí. "Ká ṣáà máa kúnlẹ̀ kí wọn, ká sì máa ṣe tiwa lọ." O kọ ọ́ bí ẹni pé ìmọ̀ràn àlàáfíà ni. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé kò sóhun tí bàbá yìí lè sọ tó máa wúlò, ó ti sin bàbá náà láàyè. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ni eruku tó dà sí i lórí.

Àwa ará Ìbàdàn mọ bá a ti ń ṣe é. "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ pẹ́ fún wa sà," ká tó yíjú padà ká rẹ́rìn-ín.

* * *

Mo ka ìdáhùn àwọn tó ṣáájú mi. Ọ̀pọ̀ wọn ló bu òwe lé ọ lórí: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó dáa, a gbọ́. Àmọ́ kò sẹ́nì kankan tó sọ ohun tí wọ́n ń fi àkísà náà ṣe. Òwe dùn-ún jù sí ọmọdé, wọ́n á ní kó gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan nínú àkísà yẹn jáde. Bàbá tó ń ka owó nígbà mẹ́fà.

Mo ní oníbàárà kan tó fi ìwà jọ ọ́, ọmọ ọdún 76, ó ta pákó ní Bódìjà títí eékún rẹ̀ fi kọ̀. Bí mo bá fún un ní ṣéńjì igba náírà, á gbé e sókè wò nínú oòrùn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bàbá, kí lẹ ń wá? Ó jókòó, ó rò ó fún mi. Ní January 1973, ó ti ń dá ṣòwò nígbà tí wọ́n ní kí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àwọn kan sì fi ìṣirò yẹn rẹ́ ẹ jẹ. Ní 1984, ìjọba ológun ní kí gbogbo ayé kó owó àtijọ́ wá pààrọ̀, wọ́n ti ẹnubodè pa, ọjọ́ tí wọ́n fún aráàlú kò tó nǹkan, ó tò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ní 1998, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó pákó rẹ̀ wà nínú ọ̀kan lára wọn. Lẹ́yìn náà ni 2023 dé.

Ìwọ náà rántí 2023. Wọ́n yí àwọ̀ owó padà, owó tuntun di ọ̀wọ́n gógó, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ ní March 3 pé kí owó àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ dìgbà ìparí ọdún. Láàárín ìgbà yẹn, ta ló ń fi owó ra owó? Ọwọ́ ẹ̀yin oní-POS la ti ń rà á, ẹ sì ń bu iye tó wù yín kúrò nínú rẹ̀. N ò bú yín o, ọjà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí ìgbà mẹ́rin tí owó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó wá ń ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún nígbà mẹ́fà, ìwọ ní kò lajú. Lójú tèmi, ó ṣì kù díẹ̀ kó kà á tó.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo ń sọ bàbá di wòlíì: ọkùnrin kan náà yìí ló ka píìnì rẹ̀ sókè ketekete nínú ìsọ̀ mi, èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn n ò mọ̀ ọ́n rí.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Mọ́kọ́lá kọ ọ́ síbí pé "téèyàn bá ti lé ní 65, ọpọlọ ti ń lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́."

Ọmọọṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 22, ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà Facebook rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó ní ó ti ń ṣarán. A ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní tirẹ̀ ń ta aṣọ òkè ní Òjé, ó ti lé ní 80, tẹ́lẹ̀, kò sí píìnì kan tó ń dúró lórí rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ wá bi í léèrè ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ẹtù ní ọjà mẹ́ta sẹ́yìn, iye tó san, iye tó kù, àwọ̀ gèlè tó wé wá. Gbèsè ní ojú, ó ní ẹsẹ̀, ó ń rìn bọ̀ wá sọ́jà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí báńkì fi ránṣẹ́ kò ní ìtàn kankan.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló sọ èyí fún mi, mo sì fẹ́ kí Ọmọ Mọ́kọ́lá fetí sí i, torí ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ wọn ní Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà, ní Ìdíkàn wa níbí, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti tó 65 sókè ni wọ́n wò. Wọ́n gbé àbọ̀ jáde ní 2001: nínú ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà Indianapolis, bíi 32 ni àrùn tó ń mú èèyàn ṣarán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún. Ti Ìdíkàn kò ju 13 tàbí 14 lọ. Àwọn ìyá tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu àgbàlá yẹn ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń sọdá òkun wá bi léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ.

Àrùn ni ìṣarán. Ó ń ṣe àwọn kan, ó sì burú fún ẹni tó bá ṣe. Àmọ́ kẹ́ ẹ má pe gbogbo ẹni tó bá lórí funfun ní aláìsàn.

* * *

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé mò ń ṣe ẹni mímọ́.

Lọ́dún tó kọjá mo gbé màmá mi lọ sílé ìwòsàn kan, ẹ má bi mí èwo. Ọmọ ọdún 81 ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì kékeré kan jáde, ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ó dìde, ó kọjú sí èmi: "Sà, kí ló ń ṣe Màmá? Ṣé Màmá jẹun láàárọ̀? Ṣé Màmá ń yàgbẹ́?" Màmá jókòó láàárín wa bí ẹrù tá a fẹ́ fi ránṣẹ́.

Èmi náà sì ń dáhùn! Mo ní Mọ́ńdè ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mo ní wọ́n jẹun. Màmá mi wò mí, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ lè bi ẹni tó ni ẹsẹ̀?" Láti Iléyá ló ti ń dùn wọ́n. Wọn ò sọ torí pé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, mo ní ọjọ́ ogbó ni.

"Ọjọ́ ogbó ni." Mélòó nínú wa ni ò tíì sọ ọ́ rí? Ọ̀nà tó rọrùn jù láti pa àgbà lẹ́nu mọ́ nìyẹn. A ò bú wọn, a ò jágbe mọ́ wọn. UCH ti ní ilé ìtọ́jú tó wà fún kìkì àgbàlagbà láti 2012, ìlú yìí kan náà ni. Mo máa ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, kò fìgbà kan rí wá sọ́kàn mi pé ẹsẹ̀ màmá mi tó nǹkan tí à ń gbé lọ síbẹ̀.

* * *

Ìdáhùn kan ní, "Kí ló kàn mí? Ìgbà tí mo bá darúgbó, màá mọ bí màá ṣe ṣe é."

Ó kàn ọ́ tààrà. Obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Becca Levy, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé èèyàn 660 ní ìpínlẹ̀ Ohio, gbogbo wọn ti tó 50 sókè. Wọ́n ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀ nípa ojú tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ ogbó ara wọn. Nígbà tí àbọ̀ jáde ní 2002, àwọn tó fi ojú rere wò ó fi nǹkan bí ọdún 7 àti ààbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tó gbà pé ogbó ni òpin ayé. Ohun tó o bá ń bú lónìí, inú rẹ̀ lo máa gbé.

* * *

Kékeré nìyí, àmọ́ n ò lè fò ó. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ìyá kan wà ládùúgbò wa tá a máa ń sá fún. Àjẹ́ ni, a gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí wa? Ó ń dá gbé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èéfín igi ìdáná ló sọ ojú yẹn dà bẹ́ẹ̀. Bàbá kan wà lójúlé kejì tóun náà ń dá gbé, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Òun, a ní ó ń gbàdúrà.

* * *

Ó wá ku àwọn àgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oní-POS ló lẹ̀bi pátápátá, ẹ rántí pé Yorùbá ló ni ọ̀rọ̀ náà "àgbàyà". Àwọn kan wà tí ọjọ́ orí jẹ́ pàṣán lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ní tò sórí ìlà. Wọ́n á jẹ gbèsè, wọ́n á ní o kéré sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. "Mo ti ń wọ ṣòkòtò kí wọ́n tó bí bàbá ẹ." Ṣòkòtò kì í san owó.

Èmi gan-an ṣe é. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọọṣẹ́ mi kan ní, "Ọ̀gá, iná tẹ́ ẹ fẹ́ fi yọ nǹkan yìí ti pọ̀ jù fún fóònù yìí, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ò nípọn tó ti tẹ́lẹ̀." Mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń di irin tá a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mú. Mo fẹ́ iná sí i. Bọ́ọ̀dù jóná. Èmi ni mo san owó rẹ̀, ìyẹn ò dùn mí tó èyí: nígbà tí oníbàárà dé, tó ń wo ọmọ náà bí ẹni tó ba nǹkan jẹ́, mi ò sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kó máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti ṣe fírídọ́ọ̀mù báyìí, ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Challenge. Ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. N kì í lè wo ojú rẹ̀ tán.

Nítorí náà, nígbà tó o bá ní àwọn àgbà ló ń fọwọ́ ara wọn fà á, apá kan òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọdé tí a kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rí, tó bá ríbi dúró sí, kò ní jẹ́ kí àgbà náà sọ̀rọ̀.

* * *

Ọmọ Mọ́kọ́lá ti padà dé. Ó ní ìdí tí Ìbàdàn fi wà bó ṣe wà ni pé arúgbó la fi ń jọba.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọba Ọlákùlẹ́hìn gorí ìtẹ́ ní July 2024, ọmọ ọdún 89 ni wọ́n, wọ́n wàjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n pé 90. Ọba Ládọjà gba adé ní September 26, 2025, ọjọ́ kejì tí wọ́n pé 81. Àmọ́ Ìbàdàn kì í jókòó yan arúgbó. Mọ́gàjí ilé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ìlà ọ̀tún tàbí ìlà balógun, wọ́n á máa gun àkàsọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkàsọ̀ náà lé ní 20. Ikú ẹni tó wà lókè ló ń ṣí ààyè. Ìlú mìíràn ń lo ọdún márùn-ún nílé ẹjọ́ nítorí oyè, tiwa, a ti mọ ẹni tó kàn. Èmi ò ní fi àìfararọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìlú kan náà tó ń gbé adé lé ẹni ọdún 81 lórí ló ń sọ fún olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì pé "ẹ lọ sinmi, bàbá." Ẹ tún wá lọ ka ìpolówó iṣẹ́: "ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ ju 26 lọ." Àbúrò mi oní-POS, 27 lo pe ara rẹ. Ní ọ́fíìsì tó kọ ìyẹn, ìwọ ti di ìyá àgbà. Bọ̀ wá síbí, ká jọ jókòó.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé kí ni àgbà mọ̀ tí Google ò mọ̀. Ọ̀nà omi. Ògúnpa ya wọlé ní August 31, 1980, ó kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ní August 26, 2011, omi tún ya ìlú yìí. Àwọn tó wà láyé nígbà ti àkọ́kọ́ mọ ibi tí odò máa ń gbà padà. Àbúrò mi ọkùnrin ra ilẹ̀ tó pọ́ọ́kú, bàbá onílé iwájú ní kó má kọ́lé síbi tó fẹ́ kọ́ ọ sí, àbúrò mi ní ìlara ló ń ṣe bàbá. Lọ́dọọdún ní báyìí, tó bá di oṣù kẹsàn-án, orí tábìlì ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń sùn.

* * *

Ìwọ tó béèrè, o ní o ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ìlà ń gùn, ta ló máa san owó tó ò ń pàdánù. Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Gbé ìjókòó síbẹ̀. Ìdúró ló ń mú kí orí wọn dàrú, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, ẹ̀yìn wọn, ojú gbogbo èrò sì wà lára wọn. Kọ iye tó o yọ sórí ìwé gàdàgbà kó o tó ka owó. Sọ fún wọn kí wọ́n máa wá láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ẹni tó ní kó o jẹ́ kí wọ́n kọ píìnì sẹ́yìn káàdì, má gbọ́ tirẹ̀, olè ló ń ràn lọ́wọ́. Kí ìwọ náà má bá wọn tẹ̀ ẹ́. Sọ fún màmá kó wá nọ́ńbà tó ní ìtàn, kì í ṣe ọdún ìbí o. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Òjé fi owó ọjà àkọ́kọ́ tó tà láyé rẹ̀ ṣe tirẹ̀, láti ìgbà yẹn kò gbàgbé mọ́. N ò ní sọ iye rẹ̀ fún yín.

Bí bàbá bá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náírà, bi í ní ohun kan ṣoṣo tó o fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Tí kò bá sí, má bi í.

* * *

Mo rí ìdáhùn rẹ. O ní o gbé àga onírọ̀rí kan síbẹ̀, bàbá náà jókòó, kò sì dìde mọ́, pé láti Ọjọ́bọ̀ ni ó ti ń dé ní aago mẹ́jọ, ó ń bá gbogbo oníbàárà rẹ ka owó wọn. O ní lánàá ó rí i pé o fẹ́ fún ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún kan lé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kí lo máa ṣe sí i.

Àṣìṣe tèmi ni. Bẹ́ǹṣì ló yẹ kí n sọ. Gbé àga onírọ̀rí wọlé, bẹ́ǹṣì aláìlẹ́yìn ni kó o gbé síta, kò sí bàbá tó ń pẹ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ kó o tó gbé e, ṣírò iye tó o máa ń kà lé lọ́sẹ̀ kan ná.